Ohun tí ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì ńlá kọ́ mi ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà nídìí alùmíníọ̀mù àti gíláàsì, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́, iṣẹ́ yìí ti jẹ lára ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò lè dìde lórí ìjókòó mọ́ kó má kọ́kọ́ fọwọ́ di ẹ̀yìn mú. Ẹ̀gbọ́n wa kan tá a jọ bẹ̀rẹ̀, gíláàsì lásán ló já mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbé e gun àtẹ̀gùn, ó gé e ní iṣan ọrùn ọwọ́, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ìka méjì ò ká dáadáa, kò lè di sikiriú dírífà mú pẹ́. Kò sẹ́ni tó wà nínú iṣẹ́ yìí tí ò mọ irú ìtàn báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀gá wa gbé ẹ̀rọ yẹn dé láti Èkó, tí àwọn ọmọ ń pè é ní rọ́bọ́ọ̀tì, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn, ní Alágbàká, ní Ọba Adésídà, ní Ọba-Ilé, dé Oǹdó town pàápàá, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo ti rí, torí mo rí i pé ilé onígíláàsì ti ń pọ̀ nílùú wa, ṣọ́ọ̀ṣì, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìfowópamọ́, gbogbo wọn ló fẹ́ kí ojú ilé máa dán, àwọn tó sì ń fi orí àti èjìká ru gíláàsì yẹn ṣì pọ̀ gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí ẹ̀rọ yìí rí, kò ga, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ó ní táyà, bátìrì wà nínú ikùn rẹ̀, ó ní ọwọ́ kan tó ń nà jáde tó tún ń fà wọlé, lórí ọwọ́ yẹn ni wọ́n de fúrémù kan mọ́ tí àwọn rọ́bà róbótó ńláńlá wà lára rẹ̀, àwọn rọ́bà yẹn là ń pè ní sọ́kà. Ẹni tó ń wà á lè yí gíláàsì po, ó lè dà á délẹ̀ gbalaja, ó lè gbé e dúró, ó lè sún un díẹ̀ sápá ọ̀tún tàbí òsì láìjẹ́ pé táyà yí. Dẹ́ńmáàkì wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ dáadáa, Winlet àti Smartlift, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe tuntun, tòkúnbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú látinú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀rọ yìí máa bá yín gbé ẹrù, kò ní bá yín ronú. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kí gíláàsì tó kúrò nílẹ̀. Téèyàn bá ti ṣe ibẹ̀ yẹn pé, gbígbé fúnra ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwúwo, torí mo ti bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàdé tó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń wọn gíláàsì. "Èyí ò lè ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ jàre." Ta ló sọ fún yín? Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Gíláàsì tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, tó nípọn mìlì 1, kílò 2.5 ni. Òun náà lẹ máa máa sọ di púpọ̀. Gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ga mítà 3, tó fẹ̀ mítà 2, tó jẹ́ mìlì 12, kílò 180 ló ń lọ sí, ìyẹn ti ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àbọ̀ lọ, kò sì ní etí tẹ́ ẹ máa fi dì í mú. Tó bá wá jẹ́ lámínéètì, mìlì 10 méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, bó ṣe ga bẹ́ẹ̀ náà tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ó ti kọjá 300. Mo máa ń fi bírò kọ iye kílò sára téèpù kékeré kan, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní kété tó bá ti balẹ̀ látinú ọkọ̀, kó má di pé à ń jiyàn nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná.

Torí pé wọ́n kọ kílò 600 sára ẹ̀rọ ò sọ pé kílò 600 ló máa gbé níbi gbogbo o. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá wà nítòsí ara, bẹ́ẹ̀ ni, ó máa gbé e. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yẹn ṣe ń nà síwájú ni agbára ẹ̀ ń dín kù, tó bá nà tán, ó lè wá sílẹ̀ dé ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, àtẹ kan wà lára ẹ̀rọ náà tó sọ iye tó lè gbé níbi tí ọwọ́ bá nà dé. Àtẹ yẹn ni Bíbélì ẹni tó ń wà á. Kọ́tà tó wà níwájú ilé ló sábà máa ń dá wàhálà yìí sílẹ̀, ẹ̀rọ ò lè sún mọ́ ògiri torí kọ́tà, ọwọ́ ní láti nà jìnnà, gíláàsì tẹ́ ẹ rò pé ó fúyẹ́ wá di èyí tó lè fa ẹ̀rọ ṣubú síwájú. Ẹ lọ wọn bí kọ́tà ṣe jìnnà sí ògiri kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ńkọ́, àbí ẹ rò pé ilẹ̀ lilẹ̀ ń jẹ́? Ẹ̀rọ nìkan tó bíi tọ́ọ̀nù kan, ẹ wá fi gíláàsì kún un. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tá a ṣe lágbègbè Oyèmẹ́kùn, màmá tó ni ín jáde sí wa, wọ́n rí i pé látàárọ̀ a ṣì ń rìn kiri inú ọgbà, irin gígùn lọ́wọ́ mi tí mo ń fi í gún ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣebí ẹ ní ẹ̀rọ ló máa ṣe é, kí lẹ wá ń wá kiri látàárọ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ilẹ̀ la ń wò."

"Ilẹ̀ kẹ̀? Ilẹ̀ tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì gbà wọlé?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ṣọ́kàwéè yín wà?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n yíjú padà, wọ́n fìka tọ́ka sí ibi tá a ti to pákó sí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ máa gbà. Wọ́n ti da iyanrìn bò ó, wọ́n ti to ìntálọ́ọ̀kì lé e lórí, kò sí àmì kankan rárá. Màmá yẹn fúnra wọn ló wá ní ká jókòó mumi, wọ́n bá wa pe bíríkìlà tó gbẹ́ ẹ wá kó wá fi ibi tó fẹ̀ dé hàn wá. A gba ẹ̀yìn yípo. Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè ṣọ́kàwéè ti wà lára ohun tí mò ń bi oníṣẹ́ lórí fóònù kí n tó wá wọn fèrèsé, torí nílùú wa níbí iwájú ilé gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbẹ́ ẹ sí. Tó bá jẹ́ orí déèkì ni, ìyẹn tún yàtọ̀, ẹ ní láti bi injiníà tó kọ́ ọ, kẹ́ ẹ tẹ́ pílíwúùdù tó nípọn kí ìwúwo lè tàn kálẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti lẹ táìlì síbẹ̀, torí táìlì tí abẹ́ ẹ̀ ṣófo máa là bí ẹ̀rọ bá ti gùn ún. Ẹ̀rọ yìí ò sì lè gun àtẹ̀gùn o, mo ń sọ ọ́ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè wá fún òkè kejì láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè, ìyẹn iṣẹ́ kírèénì ni.

Ó wá ku sọ́kà, ibi tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ohun tó ń di gíláàsì mú kì í ṣe gọ́ọ̀mù, afẹ́fẹ́ ni. Póńpù máa fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rọ́bà jáde, afẹ́fẹ́ ìta á wá máa tì í mọ́ gíláàsì, afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí ń tẹ gbogbo nǹkan ní bíi kílò 1 lórí sẹ̀ǹtímítà kan sí sẹ̀ǹtímítà kan. Sọ́kà kan ṣoṣo tó fẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30, tí póńpù bá fa ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ abẹ́ ẹ̀ jáde, ìtẹ̀mọ́ra tó wà lára ẹ̀ ti ju 400 kílò lọ. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dùn mọ́ yín jù. Gíláàsì tó dúró lóòró ò fẹ́ já kúrò lára rọ́bà, ńṣe ló fẹ́ máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ohun tó ń dá a dúró ni bí rọ́bà ṣe gbá a mú, tí omi bá wà níbẹ̀, tàbí eruku, tàbí ọ̀rá, ìgbámú yẹn ti lọ. Ìdí tí iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ fi kéré jìnnà sí iye tí ìṣirò máa fún yín nìyẹn, ní Yúróòpù wọ́n ní kí ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbé ẹrù lè di ẹrù mú ní ìlọ́po méjì ó kéré tán.

Torí náà, ẹ nu gíláàsì. Ẹ nu sọ́kà. Ẹ tún un nù. Gíláàsì tó bá ti ilé iṣẹ́ wá ní lẹ́búlẹ́bú funfun kan lára tí wọ́n fi ń ya ìkan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kí wọ́n má bàa ha ara wọn, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, àmọ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ẹ wo ọwọ́ yín nínú oòrùn, ẹ máa rí i. Lásìkò ọyẹ́ tún ńkọ́, láti ìparí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ẹ nù ún tán, kẹ́ ẹ tó gbé sọ́kà dé ibẹ̀ eruku ti bà lé e. Aṣọ mímọ́ àti omi mímọ́ ni mo ń lò, màá sì fi aṣọ gbígbẹ kẹ́yìn ẹ̀. Mi ò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróòlù tàbí tínà nu sọ́kà, ó ń ba rọ́bà jẹ́, etí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á sán, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ wo etí ẹ̀ láràárọ̀, ẹ fi ìka yípo ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi sílíkóònù ṣiṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹn kan sọ́kà rárá.

Ọ̀rọ̀ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì kí nǹkan má bàa ha á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin arákùnrin mi, ẹ ṣí i kúrò níbi tí sọ́kà máa bà lé. Sọ́kà máa di náílọ́ọ̀nù mú ṣinṣin, gélè, ìyẹn aago tó ń fi hàn bí póńpù ṣe fa afẹ́fẹ́ tó, á máa fi àwọ̀ ewé hàn pé gbogbo nǹkan dáa, náílọ́ọ̀nù á sì bó kúrò lára gíláàsì bí ẹ bá ti gbé e sókè. Àwọn tó ń fẹ́ kí gíláàsì wà ní mímọ́ dọjọ́ tí onílé máa dé ni wọn ò kì í fẹ́ ṣí i. Ẹ ṣí i. Omi àti aṣọ ò wọ́n. Bákan náà ni gíláàsì tó ní àwòrán híhunjọ lójú, tí kò dán, afẹ́fẹ́ máa gba àárín rọ́bà yẹn wọlé, ẹ lo ẹ̀yìn ẹ̀ tó dán bó bá ní.

Tí sọ́kà bá ti mú, mi ò kì í gbé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ dúró, ẹ wo abẹ́rẹ́ gélè. Tó bá dúró sójú kan, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀ báyìí, bíi ìbú ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ tún dúró. Ẹ̀rọ tó dáa ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì, ìkan wà fún ìdajì sọ́kà, ìkan fún ìdajì tó kù, kí èkejì lè dì í mú bí ìkan bá já. Ó tún ní aláàmù. Ẹ wá gbọ́, aláàmù yẹn kì í pariwo débi pé ẹ máa gbọ́ ọ bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo máa ń ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tá a bá ń gbé, bí àwọn tó ń gé irin bá bínú kí wọ́n bínú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ariwo tó burú jù lọ lórí sáìtì wa kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀ pàápàá, ti ẹnu wa ni. Bí gíláàsì bá ti gbéra ni gbogbo èèyàn ti di ọ̀gá. "Sókè! Sókè díẹ̀!" "Rárá, sápá ọ̀tún!" "Dúró, dúró, ó ti fẹ́ kan án!" Lébìrà, bíríkìlà, ẹni tó wá ta búrẹ́dì, onílé, gbogbo wọn ló ń pàṣẹ. Ẹni tí rímóòtù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò mọ èyí tó máa gbọ́. Ohun tá a ṣe ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní ẹnu, òun ló ń dúró níbi tó ti rí ìsàlẹ̀ gíláàsì àti fúrémù, ọwọ́ ló sì fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn. Gbogbo ẹni tó kù, tó bá rí ewu, ọ̀rọ̀ kan ló lè sọ, "dúró", ẹ̀rọ á dúró. Ọmọ iṣẹ́ wa tó kéré jù ló kígbe "dúró" lọ́jọ́ kan ní Alágbàká, ọ̀gá ń bínú pé kí ló rí, ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ẹ̀yìn yín, sà," wáyà iná ló wà níbẹ̀ tí orí ọwọ́ ẹ̀rọ fẹ́ kàn. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ yẹn níwájú gbogbo wa, òótọ́ ni mò ń sọ. Ọmọ tí ẹ bá ti kọ́ láti máa dákẹ́ nítorí àgbà ò ní lè ṣe irú ẹ̀ fún yín.

Ìjì náà ò ṣeé fojú di. Oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Àkúrẹ́ mọ bó ṣe máa ń ṣe, ojú ọ̀run á dáa ní agogo méjì, ní agogo mẹ́ta àwọn páànù ti ń fò lórí ilé. Atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan, tí kò tíì tó ìjì rárá, máa ti gíláàsì mítà 3 sí mítà 2 yẹn pẹ̀lú agbára tó lé ní 40 kílò, láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí sọ́kà ti ń gbìyànjú láti dì í mú. Àárọ̀ kùtù là ń gbé gíláàsì tó tóbi lásìkò yẹn. Bí ewé igi bá ti ń jó kíkankíkan, a ó gbé e padà sórí irin tí à ń gbé e tì, a ó so ó mọ́lẹ̀, onílé lè sọ ohun tó bá wù ú.

Ògiri ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì kankan. Ilé wa, ẹ jẹ́ ká má parọ́, ojú fèrèsé tí kò dọ́gba pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wọn ọ́n lókè, ẹ wọn ọ́n láàárín, ẹ wọn ọ́n nísàlẹ̀, ẹ wá wọn ọ́n láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì, tí méjèèjì ò bá bára mu, ojú yẹn ti wọ́. Gíláàsì tẹ́ńpádì, wọ́n ti fi iná tó ju 600 digírì lọ sè é, wọ́n wá fi afẹ́fẹ́ tutù fẹ́ ẹ lójijì, ohun tó jẹ́ kó lágbára nìyẹn, òun náà ló fà á tí ẹnikẹ́ni ò fi lè gé e mọ́. Tẹ́ ẹ bá wọn ọ́n ṣì, Èkó ló máa tún ti wá, ó máa gba Òrè, ó máa gba ọ̀nà Oǹdó, pẹ̀lú gbogbo kòtò tó wà níbẹ̀. Tẹ́ńpádì yìí kan náà, ẹ lè gbá a láàárín kó má ṣe nǹkan kan, àmọ́ ẹ jẹ́ kí igun ẹ̀ kan kọnkéré tàbí irin díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á dà sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo ti rí i níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn, ẹ̀rọ ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, igun kan kan orí nọ́ọ̀tì tí wọ́n gbàgbé sínú fúrémù, ó dún bí ìbọn. Ṣáájú kí gíláàsì tó dé ibẹ̀, èmi fúnra mi máa ń fi ọwọ́ gba inú fúrémù kọjá látòkè délẹ̀, màá yọ nọ́ọ̀tì, màá yọ òkúta, màá sì to rọ́bà ìtìlẹ́yìn sábẹ́, méjì péré, ìkan níbi ìdá kan nínú mẹ́rin láti apá ọ̀tún, ìkan bẹ́ẹ̀ náà láti òsì, kí gíláàsì má fara kan irin níbì kankan.

Bátìrì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó ń gbà tó òru kan kó tó kún, iná NEPA wa sì jẹ́ ohun tẹ́ ẹ mọ̀, torí náà ẹ fi owó jẹnẹrétọ̀ òru sínú owó iṣẹ́. Ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ ní òfo títí iṣẹ́ mìíràn á fi dé, ó máa kú.

Ọ̀rọ̀ tó ń dun àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé ẹ̀rọ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mi ò sì bá wọn jà lórí ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àwọn mẹ́jọ tó máa ń ru gíláàsì ìjọ́un, kò sẹ́ni tí wọ́n lé. Àwọn kan ń nu gíláàsì, ìkan ń darí, ìkan ń wà á, àwọn yòókù ti bọ́ sórí fúrémù. Ohun tí mo bẹ ọ̀gá ni pé kí wọ́n kọ́ ju ẹnì kan lọ láti wà á, wọ́n sì gbà. Ẹ̀gbọ́n wa tí ọwọ́ ẹ̀ gé yẹn ló ń lo rímóòtù báyìí, àtàǹpàkò méjèèjì ló nílò, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ má sì yára fi sọ́kà sílẹ̀. Gíláàsì ti wọ fúrémù, gbogbo èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ní "tú u sílẹ̀ ká lọ jẹun". Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ti ìdènà òkè, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ fọwọ́ tì í wò níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi lẹ́fẹ̀ẹ́lì wò ó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnnì náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ háyà ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó, ẹ ní kí wọ́n tan póńpù lójú yín, kí wọ́n lẹ sọ́kà mọ́ gíláàsì kan, kí wọ́n pa póńpù, kẹ́ ẹ jókòó tì í fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa wo abẹ́rẹ́. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.